Gbèsè Tí A Jẹ Ọmọ: Ọ̀rọ̀ Ilé-Ìwé ní Ilẹ̀ Ọ̀kun

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, tí Olóyè Stephen Awókọ̀yà sì jẹ́ mínísítà tí ó di ètò ẹ̀kọ́ mú, ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, tí wọ́n ní kí ọmọ gbogbo wọlé láìmú tọ́rọ́ dání, ọmọ tí a bí sí Ọ̀mùò ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Èkìtì bọ́ sí abẹ́ òjìji òfin náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Ìyámoyè, ní ọ̀nà Kàbà kan náà, tí ó ń sọ èdè tí ará Ọ̀mùò gbọ́, tí ó ń jẹ́ irú orúkọ tí ará Ọ̀mùò ń jẹ́, kò ní ìpín kankan nínú rẹ̀, nítorí pé ìlà tí àwọn Òyìnbó fà sórí ìwé ti fi ọ̀kan sí Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì ti fi èkejì sí Àríwá. Bàbá ọmọ Ọ̀mùò gbé e lé tíṣà lọ́wọ́, ó sì gba oko lọ. Bàbá ọmọ Ìyámoyè jókòó, ó ń ṣírò owó.

Mo fi ìtàn yìí ṣíwájú nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọ́n bá ti gbọ́ “ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn”, ọkàn wọn a fò lọ sí òkè òkun, sí ilé àpérò àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tí kò kan ará oko ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ní ilẹ̀ Ọ̀kun wa, ilẹ̀ Owé, Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, ilẹ̀ àpáta gàgàrà, ilẹ̀ tí ó fi odò Ọya ṣe aládùúgbò. Ìlà tí a wí yìí fi ohun kan hàn wá tí àlàyé amòfin mẹ́wàá kò lè fi hàn tó bẹ́ẹ̀: pé bí ọmọ yóò bá kàwé tàbí kò ní í kàwé kò sí ní ọwọ́ orí rẹ̀, kò sí ní ọwọ́ ọpọlọ rẹ̀, kò tilẹ̀ sí ní ọwọ́ ìfẹ́ tí àwọn òbí rẹ̀ ní sí i. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ 456,600. Ní ọdún 1955, iye náà fò sókè, ó di 811,432. Ọpọlọ tuntun kò rọ̀ láti ọ̀run láàárín ọdún kan. Owó ni ó ti ń dínà, a sì gbé e kúrò lójú ọ̀nà.

Àwọn ará Kàbà àti Ìlọrin tí ó fẹ́ kí a sún ìlà náà kò dákẹ́. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan ní ọdún 1957, tí Sir Henry Willink jẹ́ alága rẹ̀, pé kí wọ́n wádìí ẹ̀rù tí ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké nínú Nàìjíríà tí ó fẹ́ gba òmìnira, ọ̀rọ̀ Kàbà àti Ìlọrin wà lára ohun tí a kó síwájú wọn. Ní ọdún 1958, ìgbìmọ̀ náà gbé ìwé rẹ̀ jáde; wọn kò sún ìlà náà. Ṣùgbọ́n wọ́n dá ìmọ̀ràn kan tí àǹfààní rẹ̀ kò tíì tán títí di òní: wọ́n ní kí a kọ ẹ̀tọ́ tí ọmọ ènìyàn kò gbọdọ̀ pàdánù sínú òfin ilẹ̀ náà gan-an, kí ìjọba tí ó bá lágbára má baà lè fi ọwọ́ rọ́ ẹni tí kò lágbára sẹ́yìn. Láti ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀tọ́ pàtàkì ti wọ inú òfin òmìnira ọdún 1960: ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, ẹ̀tọ́ láti má ṣe di ẹrú, ẹ̀tọ́ láti jẹ́jọ́ níwájú adájọ́ tí kì í ṣe ojúsàájú, láti sin Ọlọ́run bí ọkàn ẹni bá ti fẹ́, láti sọ̀rọ̀, láti péjọ. Ẹ kà á tán, kí ẹ tún un kà. Ẹ kò ní rí ilé-ìwé níbẹ̀. Ará Kàbà gba òmìnira ẹnu, ó gba òmìnira ẹsẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò sì gba sílétì.

Kí wá ni a ń pè ní ẹ̀tọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún 1948, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi ẹnu kò lórí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn, ẹsẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ sì wí pé olúkúlùkù ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́, pé ọ̀fẹ́ ni kí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ jẹ́, ó kéré tán, àti pé dandan ni. Ní ọjọ́ ogún oṣù Kọkànlá ọdún 1989, wọ́n ṣe àdéhùn ti àwọn ọmọdé fúnra wọn. Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà á ní ọdún 1991. Láàárín méjèèjì, ní ọdún 1990, àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà ti péjọ, wọ́n sì ti ṣe ìwé tiwọn lórí ẹ̀tọ́ àti ìtọ́jú ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni. Ohun tí gbogbo ìwé wọ̀nyí ń sọ ni pé ẹ̀kọ́ ọmọ kì í ṣe ọrẹ. Ọrẹ ni a máa ń dúpẹ́ rẹ̀, bí olówó kò bá sì fi í ránṣẹ́, a ó gbé ẹnu wa dákẹ́. Gbèsè ni à ń sìn. Ọmọ ni olówó, òbí àti ìjọba ni ajigbèsè, ajigbèsè kan kò sì lè fi ti èkejì ṣe àwáwí. Ohun kan sì tún wà níbẹ̀ tí ó le púpọ̀ fún àwa Yorùbá láti gbé mì: bàbá kò lè dárí gbèsè náà ji ìjọba lórúkọ ọmọ, nítorí pé kì í ṣe òun ni a jẹ.

Àwọn baba ńlá wa kò jẹ ọmọ ní gbèsè ẹ̀kọ́ ní tiwọn. Kí ìwé tó dé, ọmọ Bùnú tí ó jẹ́ obìnrin ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì ìyá rẹ̀, ó ti ń wo bí wọ́n ti ń tú fọ́nrán pupa láti ara aṣọ òkèèrè kí wọ́n tó tún un hun di aṣọ ìpò tí a fi ń ṣe òkú ọlọ́lá lẹ́yẹ, ó sì ti ń ti ọwọ́ kékeré rẹ̀ bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ náà yóò fi mọ iṣẹ́. Ọmọkùnrin ti mọ ebè kí ó tó mọ ìjà. A kò yọ ọmọ kan sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yẹn, olówó kò yàtọ̀ sí tálákà nínú rẹ̀. Ogun Tápà ni ó wá da àárín ilé rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n ń kó èwe àti àgbà lọ ní ìdè, títí ọmọ ogun Ilé-Iṣẹ́ Royal Niger fi dé Kàbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1897 ní ọ̀nà Bídà. Nínú àwọn tí a kó lẹ́rú láti ìhà wa yìí ni ọkùnrin kan wà tí a mọ̀ sí James Thomas, tí a dá sílẹ̀ ní Sàró, tí ó kọ́ ìwé níbẹ̀, tí ó sì bá Àjàyí Crowther padà wá sí Gbẹ̀bẹ̀, ní ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni ìjọ CMS. Ó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ lójoojúmọ́, ìwé rẹ̀ sì wà títí di òní. Ẹni tí a tà bí ẹrù ni ó padà wá di ẹni tí ń fi gègé ṣe ìtàn ilẹ̀ tí a ti tà á.

Ní ọdún 1865 ni Crowther dá ilé-ìwé Holy Trinity sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, tí a ń pè ní ilé-ìwé alákọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo Àríwá. Ní ọdún 1908 ni Tommy Titcombe ti ìjọ SIM gúnlẹ̀ sí Ẹ̀gbẹ̀ ní Ìyàgbà. Ìwàásù ni ó bá wá, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka Bíbélì Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ a-b-d, báyìí ni àgbàlagbà àgbẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ṣe jókòó sórí pẹpẹ kan náà tí wọ́n ń pe álífábẹ́ẹ̀tì. Ní 1951, wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ Titcombe. Àwọn Àgùdà náà kò gbẹ́yìn: St. Augustine’s College ní Kàbà, ẹ bi àwọn tí ó gba ibẹ̀ kọjá, wọn yóò sọ ọ́ fún yín tí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tí àkókò òmìnira fi ń súnmọ́ ilé, kò sí iyèméjì pé ìwé ti di iṣẹ́ ìdílé ní ilẹ̀ Ọ̀kun. Àwọn ọmọ wa ni wọ́n kún ọ́fíìsì ìjọba Àríwá ní Kàdúná, nínú wọn ni Olóyè Sunday Awóníyì ti Mòpà, tí ó di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Ní ìgbà tiwa, ọmọ Ìsánlú kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adésanmí, tí ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Carleton ní Kánádà kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e lọ sí ọ̀run ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta ọdún 2019, sọ orúkọ ìlú kékeré náà di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní gbogbo àgbáyé.

Ìtàn tí ó dùn ún sọ nìyẹn, a sì máa ń sọ ọ́ púpọ̀. Èyí tí a kì í sọ ni bí a ti ń yan ẹni tí yóò lọ. Bí àgbẹ̀ bá ní ọmọ márùn-ún, tí owó kòkó àti kọfí ọdún náà kò sì lè gbé ju ọmọ kan lọ, bàbá a dùbúlẹ̀ lóru, a máa wo àjà ilé. Ta ni yóò lọ? Ta ni yóò dúró ti oko? Àkọ́bí ni, nítorí pé òun ni yóò kọ́kọ́ ríṣẹ́ tí yóò fi lè fa àwọn àbúrò sókè? Àbí àbíkẹ́yìn ni, nítorí pé kò tíì lágbára ọkọ́? Ẹni tí a bá yàn, gbèsè gbogbo ilé ti wà lọ́rùn rẹ̀ kí ó tó mọ ìwé kà, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sì san án pẹ̀lú èlé, tí wọ́n kó àbúrò, tí wọ́n kó ọmọ ẹ̀gbọ́n, tí yàrá kan ṣoṣo ní Ìbàdàn tàbí Kàdúná di ilé-ìwé kejì. Mo júbà wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀: níbi tí a bá ti ń yàn, ẹ̀tọ́ kò tíì débẹ̀. Àwọn mẹ́rin tí ó dúró ní oko náà ní ọpọlọ, a sì ń rí wọn títí di òní nínú ìlú tí mo mọ̀, àgbàlagbà tí yóò gbé lẹ́tà tí ìjọba kọ sí i lọ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ pé kí ó bá òun kà á, tí yóò sì máa wo ẹnu ọmọ náà bí ẹni pé ó lè yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà.

Obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí a kò yàn. Olóyè Níkẹ Davies-Okundaye, tí ilé iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ní Lẹ́kí ní Èkó ń fa àwọn àlejò láti gbogbo ayé, ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú ni. Ọdún 1951 ni a bí i. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré. Lẹ́sẹ̀ ìyá-ńlá rẹ̀ ni ó ti kọ́ aṣọ híhun àti aró. Ẹ̀kọ́ ilé-ìwé rẹ̀ kò kọjá alákọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ fi í fọ́kọ nígbà tí kò tíì kúrò ní ọmọdé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ́ ní gbangba, ó sá kúrò nílé, ó bá ẹgbẹ́ eléré alárìnjó lọ. Ní ọdún 1983 ó dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Òṣogbo níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́ láìgba owó. Àwọn ènìyàn a máa fi ìtàn rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé kì í ṣe ìwé nìkan ni ó ń gbé ènìyàn dé ipò. Ó dára, ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n ń kà á láti ìsàlẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ̀ ní ilé-ìwé, tí ó wá fi ohun ìní ara rẹ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ ẹlòmíràn, kò sọ fún wa pé ilé-ìwé kò ṣe pàtàkì. A kò sì mọ iye àwọn ọmọbìnrin Ògìdì tí kò rí ẹgbẹ́ eléré kankan sá tọ̀ lọ.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1976 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti alákọ́bẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, tí ó fi kọjá ìlà tí a sọ níṣàájú, tí ó dé Kàbà, tí ó ti wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Kwárà nígbà náà. Ọdún mọ́kànlélógún ni ó pẹ́ ju ti Ọ̀mùò lọ. Ọmọ Ìyámoyè tí ó pé ọdún mẹ́fà ní 1955 ti pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ó ṣeé ṣe kí ọmọ tirẹ̀ ni ó mú lọ sí ilé-ìwé náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ta kókó ni inú òfin ilẹ̀ wa. Òfin ọdún 1979, àti ti 1999 tí a ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, dárúkọ ẹ̀kọ́ ní abala kejìdínlógún: ìjọba yóò sapá láti pa àìmọ̀wé rẹ́, yóò sì pèsè ẹ̀kọ́ alákọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ó jẹ́ dandan nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ gbọ́ gbólóhùn náà dáadáa: nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Orí Kejì ìwé òfin ni abala yìí wà, níbi tí a to àwọn èròǹgbà rere ìjọba sí, kò sí ní Orí Kẹrin níbi tí àwọn ẹ̀tọ́ pàtàkì jókòó sí. Abala kẹfà sì tún ti dí ọ̀nà, ó ní kí adájọ́ má ṣe gbọ́ ẹjọ́ lórí ohun tí ó wà ní Orí Kejì. Ẹ̀bìtì tí kò pa eku, àwọn àgbà ní kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi wà bẹ́ẹ̀, tí ọmọ ní ohun kan tí a ń pè ní ẹ̀tọ́ nínú ìwé, tí kò sì sí ilé-ẹjọ́ tí ó lè gbé e lọ.

Ọ̀nà tí a gbà tú kókó náà yẹ kí àwọn òbí mọ̀ ọ́n, nítorí pé àwọn agbẹjọ́rò nìkan ni ó ń jẹ adùn rẹ̀. Ọwọ́ àwọn aṣòfin ni ó ti kọ́kọ́ wá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Kógì, níbi tí ilẹ̀ Ọ̀kun wà báyìí, náà ti sọ di òfin ilé rẹ̀, sọ ní abala kẹẹ̀ẹ́dógún pé gbogbo ọmọ ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ó jẹ́ dandan, ìjọba ni yóò sì pèsè rẹ̀. Kò sí “nígbà tí ó bá ṣeé ṣe” mọ́. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni òfin UBE, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, jáde, tí ó na ẹ̀kọ́ náà dé ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́fà ní alákọ́bẹ̀rẹ̀ àti mẹ́ta ní girama kékeré, tí ó sì ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ SERAP, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú, gbé ìjọba Nàìjíríà lọ sí ilé-ẹjọ́ ECOWAS, ti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Àbújá, lórí owó ẹ̀kọ́ tí àwọn kan jẹ. Ìjọba dúró lórí Orí Kejì: wọ́n ní ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun tí à ń pe ènìyàn lẹ́jọ́ sí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ náà dá wọn lóhùn pé ìwé ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti ilẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ̀, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ní ẹsẹ̀ kẹtàdínlógún, kò sì sí òfin abẹ́lé tí ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2010, wọ́n pàṣẹ pé kí ìjọba dí àlàfo tí owó tí a jí ti lù sínú ètò náà, kí ọmọ kankan má baà fi jìyà. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, níwájú Adájọ́ John Tsoho, sọ nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò tí ń jẹ́ LEDAP pè pé nígbà tí àwọn aṣòfin ti ṣe òfin UBE, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ èròǹgbà, ó ti di ohun tí a lè fi agbára òfin gbà.

Owó ìtanràn tí òfin UBE kọ sílẹ̀ a máa pa mí lẹ́rìn-ín. Òbí tí ó bá kọ̀ tí kò mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ìbáwí ni ní ìgbà àkọ́kọ́. Bí ó bá tún un ṣe, yóò san ₦2,000 tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan. Ní ìgbà kẹta, ₦5,000 tàbí oṣù méjì. Ẹni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ ọmọ ní ilé-ìwé ìjọba fún ohun tí òfin ní kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ₦10,000 tàbí oṣù mẹ́ta. Owó ọdún 2004 ni. Lónìí kò ra ìdajì àpò ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kíkéré owó fojú tẹ́ńbẹ́lú òfin, nítorí ibi tí ọ̀bẹ rẹ̀ ti mú wà níbòmíràn: ó sọ ẹni tí ó jẹ̀bi lórúkọ, òbí ní apá kan, ẹni tí ń gba owó ní apá kejì.

Ẹ wá sí Bùnú nínú oṣù Kẹta, nígbà tí kajú bá gbó. Ẹ ó rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lábẹ́ igi ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú yúnífọ́ọ̀mù tí ó ti di aṣọ oko. Yóò he èso tí ó bọ́, yóò fọwọ́ ọ̀tún di kóró tí ó rọ̀ sí ìdí rẹ̀, yóò lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kóró yóò já sínú ike, èso pupa náà yóò ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ fún eṣinṣin. Omi rẹ̀ ti pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láró tí ọṣẹ kò lè mú kúrò. Ìrọ̀lẹ́ ni olùrà yóò gbé òṣùwọ̀n dé etí ọ̀nà. Ẹ má pe bàbá rẹ̀ ní ìkà. Owó alágbàṣe kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kajú kì í dúró de ẹnikẹ́ni, owó kajú yìí kan náà ni ó sì fẹ́ fi san ohun tí ilé-ìwé “ọ̀fẹ́” ń bèèrè: owó PTA, owó àga, owó ìdánwò, owó lẹ́sìn. Ọmọ náà pa ilé-ìwé jẹ láti lè sanwó ilé-ìwé.

Ọ̀gá ilé-ìwé tí ó gba owó wọ̀nyí kọ́ ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Òun náà ń ra ṣọ́ọ̀kì láti inú àpò ara rẹ̀, àwọn tíṣà alákọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kógì sì fi ọ̀pọ̀ ọdún, láti ìgbà àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, gba ìdá owó oṣù dípò owó oṣù. Ẹni tí ebi ń pa kò lè fi gbogbo ọkàn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ní ọdún 2024, ìjọba Gómìnà Ahmed Usman Ododo kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ìwé ìjọba, ó sì ní òun yóò máa san owó ìdánwò àwọn ọmọ tí ń parí girama. Ohun tí ó yẹ kí a yìn ni. Ó kù kí a mọ̀ bóyá ọmọ ìpele kejì alákọ́bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ WAEC, rí ìwé kà àti àga jókòó sí.

Ẹ̀rù tuntun tún ti dé tí àwọn baba wa kò bá pàdé láti ìgbà ogun Tápà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn ní Ẹmùré-Èkìtì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, wọ́n wọ inú yunifásítì tí ó wà ní Ọ̀sàrà, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí, wọ́n sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ìyá tí ó bá gbọ́ irú èyí, tí ó sì ní kí ọmọ jókòó sílé, òfin lè bá a wí, èmi kò ní í bá a wí. Ààbò lójú ọ̀nà ilé-ìwé wà lára gbèsè tí ìjọba jẹ.

Àwọn ọmọ kan tún wà tí àwa fúnra wa kì í kà mọ́ ọmọ: ọmọ Ẹ̀bìrà tí bàbá rẹ̀ ń dáko nínú igbó Bùnú, ọmọ Tápà, ọmọ Fúlàní tí ń da màlúù gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá. Wọ́n ń gbé abà tí kò sí lórí máàpù, kò sì sí ẹni tí ń bi wọ́n léèrè nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Òfin kò bèèrè ẹ̀yà ọmọ. Ilẹ̀ tí a ti fi ìlà yọ àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ rí ní 1955 kò yẹ kí ó máa fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn.

Kí wá ni òbí lè ṣe ní Kàbà lónìí? Gbogbo ilé-ìwé ìjọba ni ó yẹ kí ó ní ìgbìmọ̀ alábòójútó, èyí tí a ń pè ní SBMC, tí aṣojú ọba, aṣojú òbí, aṣojú obìnrin àti ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ máa ń wà nínú rẹ̀. Níbi tí kò bá sí, ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣe kò gba owó. Kí wọ́n jókòó ní oṣù Kejì, kí kajú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí ó ti tó ilé-ìwé, ti inú ìlú àti ti abà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan bóyá ọmọ náà wà nínú kíláàsì tàbí kò sí, àti ìdí rẹ̀. Kí wọ́n kọ gbogbo owó tí a ń gbà lọ́wọ́ ọmọ sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀ bí ó bá wà. Kí wọ́n mú ẹ̀dà kan lọ fún akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́, kí wọ́n fi èkejì ránṣẹ́ sí SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ní Lọ́kọ́ja, kí wọ́n sì rí i pé a bu ọwọ́ lu ẹ̀kẹta, tí a kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n tó gbé e padà wá sílé. Nítorí bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé-ẹjọ́, kò sí ohun tí adájọ́ yóò kọ́kọ́ bèèrè ju ìwé náà lọ.